Ẹ Bi Dókítà Eyín: Nígbà Tí Eyín Kò Jẹ̀bi

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yàn lóṣù yìí. Àwọn tó kọ wọ́n kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n igbe kan náà ni gbogbo wọn ń ké: eyín ń dùn mí. Mo ka lẹ́tà wọn lẹ́ẹ̀mejì, n kò sì rí eyín kan tó jẹ̀bi níbẹ̀. Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń tọ́jú eyín ní Ìkòròdú níbí. Kò sí ohun tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí tó kí n la ẹnu èèyàn kí n rí àlàfo eyín tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n ti yọ, tí ìrora sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Lẹ́tà àkọ́kọ́ kò ṣeé fi dúró de ìwé ìròyìn. Mo ti pe bàbá tó kọ ọ́ lórí fóònù kí n tó jókòó kọ èyí, wọ́n sì ti gbà kí n tẹ̀ ẹ́ jáde.

"Dókítà, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọmọ ọdún 66, Ìjẹ̀dẹ́ ni mò ń gbé. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí eyín ìsàlẹ̀ lápá òsì ti ń yọ mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé eyín àtọwọ́dá ló wà níbẹ̀, kò sí eyín gidi kankan mọ́. Bí mo bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, tí mo gbé báàgì mi, tí mo ń rìn lọ síbi tí mo ti máa wọ mọ́tò, àgbọ̀n mi á bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, bí ẹni pé wọ́n ń fún un. Bí mo bá jókòó díẹ̀, á lọ. Ṣé kí n pààrọ̀ eyín àtọwọ́dá yìí ni?" (Bàbá Olùkọ́, Ìjẹ̀dẹ́)

Bàbá, ẹ dákun, ẹ fi eyín sílẹ̀ ná. Ọkàn yín ni kí wọ́n yẹ̀ wò, kí ó sì jẹ́ lónìí. Ìrora tó ń dé nígbà tí èèyàn bá ń rìn tàbí tó gbé ẹrù, tó sì ń lọ nígbà tó bá jókòó, kò jọ ti eyín rárá. Eyín tó bàjẹ́ kò mọ̀ bóyá ẹ ń rìn tàbí ẹ jókòó. Ọkàn ló mọ̀, torí iṣẹ́ rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i nígbà tí ẹ bá gbé báàgì. Bí ojú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ bá ti há, ẹ̀jẹ̀ kò ní tó o, á sì figbe ta. Igbe yẹn kì í fi gbogbo ìgbà jáde láyà. Ó lè jáde lápá, lọ́rùn, lẹ́yìn, tàbí ní àgbọ̀n ìsàlẹ̀, àní níbi tí eyín ti kúrò tipẹ́.

Bàbá bi mí lórí fóònù pé báwo ni ọkàn ṣe lè máa dun èèyàn lẹ́nu. Àpèjúwe tí mo fún wọn nìyí. Ká ní ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni ààfin Ayangbúrẹ́n ní, tí ìránṣẹ́ àdúgbò mẹ́ta sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìránṣẹ́ kan sáré dé, ó ń pariwo pé ilé ń jó, kò sì dárúkọ àdúgbò. Àdúgbò tí ẹjọ́ rẹ̀ máa ń wá sí ààfin jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ sáré gbé omi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ṣe ń ṣe. Àwọn okùn tó ń gbé ìrora wá láti ọkàn, láti ọrùn àti láti àgbọ̀n máa ń já síra wọn lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé ọpọlọ. Eyín ni ọpọlọ mọ̀ ní aláriwo, òun náà ló máa ń dá lẹ́bi.

Bàbá jẹ́wọ́ fún mi pé àwọn ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àti pé àwọn ti dáwọ́ oògùn rẹ̀ dúró torí pé ara àwọn ti le. Mo ní kí ọmọ wọn gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka bí ọkàn ṣe ń lù. Ẹ̀yin tó kù, bí irú ìrora bẹ́ẹ̀ bá mú yín, tí kò sì lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ ti jókòó, tàbí tí òógùn tútù bò yín, tí èémí yín ń kúrú, tí èébì ń gbé yín, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi, ẹ má sì yà ní kẹ́míìsì. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 767 tàbí 112 ni kí ẹ pè.

Lẹ́tà kejì ló gba ọkàn mi jù.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Ẹja ni mò ń yan tà ní Ẹ̀bùté, ṣàwá àti ọ̀bọ̀kún, ọmọ ọdún 57 ni mí. Ní nǹkan bí ọdún kan àbọ̀ sẹ́yìn, nǹkan kan ta mí ní eyín òkè lápá ọ̀tún bí ìgbà tí iná mànàmáná bá gbé èèyàn. Ó lọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ojoojúmọ́. Wọ́n yọ eyín kan, kò lọ. Wọ́n yọ ìkejì, kò lọ. Bí atẹ́gùn ọ̀sà bá fẹ́ sí mi lójú, á ta. Bí mo bá ń ṣe àlùwàlá tí omi kan ẹ̀gbẹ́ imú mi, á ta, mo ti kígbe ní mọ́ṣáláṣí tí gbogbo èèyàn wò mí. N kì í lè bá oníbàárà nájà mọ́, ìka ni mo fi ń ṣàpèjúwe iye owó. Àwọn kan ní wọ́n ṣe mí ni. Lóṣù tó kọjá, dókítà kan fún mi ní oògùn. Ọmọ mi ka ìwé inú páálí rẹ̀, ó ní oògùn wárápá ni. Mo gbé e pamọ́. Dókítà, n kò ní wárápá, kò sì sí ẹni tó ní in nílé wa. Ṣé kí n lọ yọ eyín kẹta ni?" (Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀bùté)

Ìyá wa, rárá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ eyín kẹta. Ẹ kò sì ní wárápá. Dókítà tó fún yín ní oògùn yẹn mọ ohun tó ń ṣe. Ohun tó kù ni pé ó yẹ kó jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, kí ẹ má baà gbé e lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún un.

Okùn iṣan kan wà lójú gbogbo wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Trigeminal ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Ẹ̀ka mẹ́ta ló ní: ọ̀kan lọ sí iwájú orí àti ojú, ọ̀kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀gbẹ́ imú àti eyín òkè, ọ̀kan sí àgbọ̀n àti eyín ìsàlẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé omi tutù, pé egungun ẹja gún yín lẹ́nu. Nínú orí lọ́hùn-ún, nítòsí ibi tí okùn yìí ti jáde lára ọpọlọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan lè fara tì í, kó máa lù ú bí ọkàn ṣe ń lù, títí awọ tó bo okùn náà á fi máa bó, bí ìgbà tí rọ́bà ara wáyà iná bá bó. Ẹ mọ ohun tí wáyà tó bó máa ń ṣe bí nǹkan kékeré bá kàn án. Ohun tó ń ta yín lójú nìyẹn. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn tó ti lé ní 50 ọdún, ó sì ń ṣe obìnrin ju ọkùnrin lọ.

Mo pe ọmọ yín, mo ní kó fi aago fóònù rẹ̀ ka a nígbà tó bá dé. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá sì ti lọ, kò sí nǹkan kan mọ́ títí di ìgbà mìíràn. Eyín tó jẹrà kì í ṣe báyẹn. Òun máa ń ro èèyàn lóròó pípẹ́, omi tútù tàbí tíì gbígbóná á ru ú sókè, á máa báa lọ lẹ́yìn tí ẹ ti gbé omi náà mì, á jí yín lóru. Bí a bá fi irin kékeré kan an, ẹ ó fò sókè. Tiyín ńkọ́? Atẹ́gùn lásán, omi àlùwàlá, ọ̀rọ̀ sísọ. Ìfọwọ́kàn fẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ru ú. Bí ẹ bá sì tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, ó lè má ṣe nǹkan kan. Ẹ sọ fún mi pé ọwọ́ ni ẹ fi ń ṣàpèjúwe iye owó ẹja. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí ó dá mi lójú ju gbogbo ìyókù lọ.

Ìyá, ẹni tó ní wọ́n ṣe yín kò mọ bí àìsàn yìí ti pẹ́ tó láyé. Ní 1677, John Locke, dókítà ará Ìlú Ọba tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí onímọ̀ ọgbọ́n orí, kọ lẹ́tà láti Paris nípa ìyàwó aṣojú ìjọba kan tí irú ìrora yìí ń bá jà. Kò sí ẹni tó ṣe obìnrin yẹn. Kò sí ẹni tó ṣe ẹ̀yin náà.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú agbára báyìí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ilé ìwòsàn kan tí n kò sí mọ́, bíríkìlà kan wá bá mi. Ó ní eyín ìsàlẹ̀ ń ta òun, òun kò sì lè jẹ́ kí onígbàjámọ̀ fá irùngbọ̀n òun lápá ibẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí n ti dúró lórí ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n yẹn. N kò dúró. Mo gún un lábẹ́rẹ́, ibẹ̀ kú tipiri, ìrora lọ. Mo ní, ẹ wò ó, eyín yìí ni. Mo yọ ọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó padà wá. Mo yọ èyí tó tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù mẹ́rin, mo yọ mẹ́ta. Mo gbé ìkẹta sábẹ́ iná, mo yí i sọ́tùn-ún sósì: ó funfun nini, gbòǹgbò rẹ̀ pé, kò ní ihò bí orí abẹ́rẹ́. Ọkùnrin náà sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìdúpẹ́ yẹn kò tíì kúrò létí mi títí di òní. Ọ̀gá mi kan tó dàgbà ni mo gbé e tọ̀ lọ. Kò mú irin kankan. Òwú ló mú, ó fi kan ètè ọkùnrin náà fẹ́ẹ́, ó sì rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó ní, "Eyín mélòó lo ti yọ?"

Ohun tó tàn mí jẹ ni abẹ́rẹ́ yẹn, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ dókítà tó ń ka èyí gbọ́ mi. Bí ẹ bá pa ìdí eyín kú pẹ̀lú abẹ́rẹ́, tí ibẹ̀ kú dáadáa, tí ìrora kò sì lọ, ó ṣeé ṣe gan-an pé ibòmíràn ló ti ń wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá lọ, ẹ kò tíì rí ẹ̀rí gbà, torí abẹ́rẹ́ kan náà lè pa irú ìrora ìyá ẹlẹ́ja yìí lẹ́nu mọ́ fún wákàtí mélòó kan. Ẹ kan eyín náà, ẹ fi ohun tútù dán an wò, ẹ jẹ́ kí ó gé nǹkan jẹ, ẹ ya fọ́tò. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ gbé irin ìyọyín sílẹ̀.

Ó ku oògùn. Carbamazepine lorúkọ rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn oníwárápá ń lò ó. Nínú wárápá, apá kan ọpọlọ ló ń tàn bí iná tí kò níjàánu, oògùn yìí á sì pa á rọ̀. Sigfrid Blom, dókítà ará Sweden, ló kọ ọ́ jáde ní 1962 pé ó ń pa iná ti ojú náà rọ̀. Láti ìgbà náà, òun ni oògùn tí a kọ́kọ́ máa ń nawọ́ sí. Paracetamol tí ẹ ti ń lò láti ọjọ́ yìí kò lè ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kápúsù amúkòkòrò kú. Kò sí kòkòrò níbẹ̀ tí wọ́n máa pa.

Ẹ mú un jáde níbi tí ẹ gbé e pamọ́ sí, kí ẹ gbé e padà tọ dókítà náà lọ kó sọ bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n kékeré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Ó lè mú oorun kùn yín, òòyì lè kọ́ yín. Bí nǹkan bá sú sí yín lára, tí ẹnu ń bó, tàbí tí ibà dé, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ má dédé já a jù sílẹ̀ fúnra yín torí pé ara ti tù yín. Ẹ sọ gbogbo oògùn àti àgbo tí ẹ ń lò fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ obìnrin tí wọ́n bá kọ ọ́ fún, ó lè sọ oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí di aláìlágbára, títí kan èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá. Ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bí ẹ bá lóyún.

Wọ́n tún lè ní kí ẹ lọ ya fọ́tò MRI, èyí tó ń fi inú orí hàn, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń fara ti okùn náà. Ẹ má sá. Nílùú Èkó, àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi LASUTH ní Ìkẹjà àti LUTH ní Ìdí-Àrábà ní dókítà eyín àti dókítà ọpọlọ lábẹ́ òrùlé kan. Bí oògùn kò bá tó, iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n fi ń ya iṣan ẹ̀jẹ̀ náà kúrò lára okùn.

Lórí àlùwàlá: ẹ bá áfáà yín sọ̀rọ̀ nípa tayamámù, èyí tí a ń fi erùpẹ̀ ṣe dípò omi. Àánú wà nínú ẹ̀sìn fún aláìsàn tí omi ń pa lára. Ní Ẹ̀bùté, ẹ fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, bí aṣọ náà kò bá ta á.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Kórópe ni mò ń wà láti Ṣábó sí Ìgbógbó, ọmọ ọdún 26 ni mí. Ọ̀fìnkìn ṣe mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ní báyìí, eyín òkè mẹ́rin lápá òsì ló ń dùn mí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ wo táyà, ó dà bíi pé wọ́n fẹ́ já bọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n rin òwú sínú omi bátìrì, kí n ki í bọ̀ ọ́."

Àbúrò mi, má jẹ́ kí omi bátìrì kan ẹnu rẹ. Ásíìdì ni. Mo ti tọ́jú ẹni tó dán an wò, ẹran ìdí eyín rẹ̀ ló jó.

Ihò kan wà nínú egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, atẹ́gùn ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Orí gbòǹgbò àwọn eyín òkè tẹ̀yìn ni ilẹ̀ ihò náà jókòó lé. Bí ọ̀fìnkìn bá dí ojú ọ̀nà rẹ̀, ikun á kún inú rẹ̀, á máa ti gbòǹgbò eyín. Bí o bá sì bẹ̀rẹ̀, á tún ti wọn sí i. Ó ṣòro kí eyín mẹ́rin bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Sè omi, jẹ́ kó tutù, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí o máa fi fọ imú. Omi tí a kò sè kò dára fún èyí. Lo Paracetamol bí páálí rẹ̀ ṣe wí. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, tàbí tó sàn tán tó tún le, tàbí tí ẹ̀bá ojú rẹ wú, lọ rí dókítà. Bí ó bá sì jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń yọ ikun tó ń rùn, wá kí a ya fọ́tò eyín, torí nígbà mìíràn eyín tó jẹrà ló ń da ìdọ̀tí sínú ihò náà.

"Dókítà, àárọ̀ ni gbogbo eyín ẹ̀yìn mi máa ń dùn mí, orí á sì máa fọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Ọkọ mi ní mo máa ń pahín keke lójú oorun. Wọ́n ya fọ́tò, wọn kò rí nǹkan kan." (Ìyàwó ilé, Agric)

Ọkọ yín ti sọ ohun tó ń ṣe yín. Ẹ fi ìka méjì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ẹ pa eyín pọ̀: nǹkan líle tó yọ sókè yẹn ni ẹran tí a fi ń jẹun. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Bí ó bá ru ìrora eyín náà sókè, òun ni ó ti rẹ̀, kì í ṣe eyín. Ẹ fi obì, ṣingọ́ọ̀mù àti egungun sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ fi aṣọ gbígbóná jó o ní alẹ́. Lọ́sàn-án, ẹ máa kíyè sí i: bí ẹnu bá dákẹ́, ètè ni kó pàdé, eyín òkè àti tìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan ara wọn. Dókítà eyín lè ṣe ohun ìbòyín tí ẹ ó máa fi sùn. Bí ìdààmú kan bá wà nílé tàbí níbi iṣẹ́, ẹ sọ ọ́ fún un.

Bí mo ti fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ sí olóòtú, ọmọ ìyá ẹlẹ́ja pè mí. Ìyá ti padà tọ dókítà lọ, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn náà láti ọjọ́ Ajé. Lánàá, atẹ́gùn fẹ́ gan-an ní Ẹ̀bùté, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ta wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dìde fún àsùbáà, òòyì ń kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì kí wọ́n tó nàró, kí wọ́n sọ fún dókítà lọ́jọ́bọ̀ tí wọ́n bá lọ, kí wọ́n má fúnra wọn dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, kí ẹnì kan sì máa dúró tì wọ́n nídìí ààrò ẹja títí òòyì náà á fi lọ.